Ìdílé Gẹ̀ẹ́sì Wà Nínú Ìwé, Agbo Ilé Wa Ńkọ́?

Ọmọ Bẹyẹrúnká ni mí. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lè wá ìdí ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó sì rí ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe àti àdúgbò tí wọ́n kú sí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ tó bá di agbo ilé tó wà lẹ́yìn fèrèsé onífóònù yẹn gan-an, dátà á tán, kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ohun tó fà á ni pé àwọn baba ńlá wa kò kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ wà, kò kàn sí nínú fáìlì ni. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ló sì yẹ ká kọ́kọ́ gbé e wọ fáìlì, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa láti ọdún kìíní nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tó sún mọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Màpó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Kúdẹtì, níbi tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, kọ́ ilé sí ní ọdún 1853, tí wọ́n sì dá ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọmọ Jámánì ni ọkọ. Ìyàwó ni Gẹ̀ẹ́sì: Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ kó tó lọ́kọ, wọ́n bí i ní abúlé Hempnall ní àgbègbè Norfolk ní ọdún 1827, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Lowestoft, ìlú etí òkun. Ó fẹ́ Hinderer ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi wá sí ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó padà sílé, ó sì kú ní Martham, ní Norfolk kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1870.

Báwo ni èèyàn ṣe ń rí irú èyí? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìjọba àti ìjọ há ara wọn mọ́ ni. Láti ọdún 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn láti 1801, àmọ́ láti 1841 lọ ni wọ́n ti ń fi orúkọ gbogbo ẹni tó wà nílé sí i. Ti 1851 ló wá fi kún un pé kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé, ibo ni wọ́n sì ti bí i. Tí a bá fi èyí wo Anna, ìbí rẹ̀ ní 1827 kò lè sí lọ́dọ̀ ìjọba, inú ìwé ìrìbọmi ìjọ la ó ti wá a. Ìgbéyàwó rẹ̀ àti ikú rẹ̀ bọ́ sí àkókò ìjọba. Ẹni tó bá mọ ọdún mélòó yìí ti mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn.

Ẹ dúró kí n sọ nǹkan kan lórí ìkànìyàn 1841 yẹn. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún nínú ọjọ́ orí àwọn tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni ọdún 39 di 35. Ẹni 64 di 60. Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń fi àwọn ìyá wa ní Ọjà'ba rẹ́rìn-ín pé wọn kò mọ ọjọ́ orí wọn, pé wọ́n kàn ń bu ọdún ni, ẹ bá mi bi í pé ta ló bu ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ Anna ni ọdún 1861. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí níbẹ̀. Kúdẹtì ló wà, nígbà tí Ìbàdàn àti Ìjàyè dojú ìjà kọ ara wọn, tí ọ̀nà Abẹ́òkúta di pípa, tí owó àti oúnjẹ sì di ọ̀wọ́n fún wọn nínú ilé náà. Ẹni tó bá gbára lé ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan yóò rò pé obìnrin náà ti pòórá. Àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n lè sọ ibi tó wà. Kò sì bímọ. Nínú ìlà ìdílé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yà á, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà nìyẹn, kò sí ẹ̀ka kankan lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ Olóyè Olúnlóyọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lọ fún un pé kó kọ́ wọn. Orúkọ Yéjídé ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa lọ. Irú ìbátan báyìí, ẹni tó tọ́ni tí kì í ṣe ẹni tó bíni, kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó ní.

Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ìdílé tiwọn, tí wọ́n sì dákú lójú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Orúkọ ìdílé ni ẹ́ńjìnnì ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Martin bí Martin, Martin sì bí Martin. Obìnrin tó bá lọ́kọ yóò pàdánù tirẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sọ orúkọ ilé tó ti wá. Ní Ìbàdàn ńkọ́? Ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta lè máa jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Èyí àgbà ń jẹ́ orúkọ bàbá, èyí tó tẹ̀lé e mú ti bàbá àgbà lọ sílé ìwé, àbíkẹ́yìn ń jẹ́ orúkọ agbo ilé. Ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀.

Èyí tó tún burú ni ti àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá tọ ipa orúkọ Crowther láti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn, ọ̀dọ̀ àlùfáà yẹn ni yóò já sí, kò ní dé Òṣogùn láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá. Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ó wà lọ́mọdé nígbà tí bàbá rẹ̀ wá bá Hinderer ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Kúdẹtì ló sì dàgbà sí. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu àwọn òbí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ kí òun tó kọ ọ́.

Ibi tí ìmọ̀ tiwa ti wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí. Ní Freetown, láti 1808 lọ, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, nígbà mìíràn ilà tó wà lára. Orúkọ tó wà níbẹ̀ àti nínú ìwé ilé ẹjọ́ Havana lé ní 90,000, wọ́n sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Kò mọ gb yàtọ̀ sí b, kò gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ẹ àti ọ. Ẹni tó lè wo ìdàrúdàpọ̀ lẹ́tà yẹn kó sọ pé Yorùbá lèyí, Ìbò lèyí, Hausa lèyí, ẹni tó mọ ètò ìró èdè ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń ké pe àwọn tó gbọ́ èdè wọ̀nyí láti bá wọn dá orúkọ mọ̀. Iṣẹ́ kíláàsì fonọ́lọ́jì nìyẹn. A ń jókòó síbi tí a ti ń fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ṣe àlàyé àrànmọ́ fáwẹ̀lì lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń dúró de etí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní agbo ilé, ta ló ń tọ́jú ìwé? Ẹ má wo mọ́gàjí nìkan. Mọ́gàjí mọ ilẹ̀, ó mọ oyè, ó sì mọ ẹni tí òun kò fẹ́ kó jẹ oyè. Àwọn ìyàwó ilé ni akọ̀wé. Obìnrin tó wọlé ọkọ láti ìta gbọ́dọ̀ kọ́ oríkì gbogbo ilé, torí òun ni yóò máa kí ọmọ ọkọ láàárọ̀, òun ni yóò sun rárà níbi ìyàwó àti òkú àgbà. Àti ọmọ-osú, tó mọ ẹjọ́ ilé tí kò ṣeé sọ níwájú ìyàwó. Obìnrin tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú kó sọnù sábẹ́ orúkọ ọkọ, òun gan-an ni fáìlì wa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé oríkì jẹ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí. Karin Barber, tó lo ọdún púpọ̀ ní Òkukù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti fi hàn wá pé oríkì kì í tò bí ìtàn. Ó ń fò láti orí ẹnì kan sí òmíràn, ó sì lè so oríkì bàbá mọ́ ti ọmọ láìsọ fún ẹ. Ẹni tó bá ń gbọ́ rárà, tó sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ́, tó wá pè é ní ìlà ìdílé, irọ́ ló kọ. Àmọ́ oríkì orílẹ̀ ń sọ ibi tí ilé ti ṣẹ̀: Oníkòyí, Olọ́fà, Òpómúléró. Orúkọ ń sọ iṣẹ́ àti òrìṣà ilé, Àyàn fún onílù, Ọ̀jẹ̀ fún eléégún, Ifá fún babaláwo. Babátúndé sọ fún ẹ pé bàbá àgbà ti lọ kí ọmọ tó dé. Àlàbá kò lè ṣáájú Ìdòwú. Àwọn wọ̀nyí lágbára ju ohun tí "William, ọmọ William" ń sọ lọ. Ó dùn mí pé a ti ń fi ọwọ́ ara wa pa á rẹ́: ilé tí gbogbo wọn ń jẹ́ Ifá tàbí Ògún ti yí i padà sí Olú àti Jésù tán, ọmọ ọmọ tó bá wá ìdí kò ní rí okùn tó so òun mọ́ bàbá àgbà. Kò burú kéèyàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Kó kọ èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ síbì kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọjọ́ ńkọ́? Ọjọ́ wà. Àwọn àgbà ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ká a, àwa la kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìyípadà rẹ̀ sí ọdún. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ogun Jálumi jẹ́ ní oṣù kọkànlá 1878, ó bọ́ sínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Àjàkálẹ̀ àrùn tó pa èèyàn rẹpẹtẹ jẹ́ ní 1918. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929. Baálé di Olúbàdàn ní 1936. Adélabú kú ní oṣù kẹta 1958. Omi Ògùnpa gbé ilé lọ ní oṣù kẹjọ 1980. Bí ìyá àgbà kan bá sọ pé wọ́n ń gbé òkúta gun òkè Màpó nígbà tí ìyá òun lóyún òun, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀, èyí tí kò ju ti ìkànìyàn 1841 lọ. Ohun tí a ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé a ó mú un lọ ṣe ìwé ìbúra ọjọ́ orí, akọ̀wé á bi í ní ọdún, ẹnì kan á dáhùn fún un, wọ́n á kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọ̀rọ̀ òkúta Màpó á sì dànù. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo tẹ̀lé ìyá àgbà ilé wa lọ, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn, mo sì jókòó tì wọ́n. Ẹ̀rí tó dára ju èyí tí wọ́n kọ lọ wà lẹ́nu ìyá náà, kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan á ní ohun tó wà lẹ́nu máa ń sọnù. Òótọ́ ni. Ìwé náà ń sọnù. Ìkànìyàn 1931 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jóná tán ní 1942. Torí ogun, wọn kò ka èèyàn ní 1941. Johnson fi ìwé ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló padà fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ kó tó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìwé tó sọnù máa ń bọ́ sí ìròyìn. Nígbà tí ìyá kan tó mọ rárà ilé mẹ́rin bá kú ní Bẹẹrẹ, ẹ̀bà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò la máa ń rántí.

Mo wá dé ibi tó le. Kí ló dé tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dáhùn? Ìlú ogun ni Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ifẹ̀, gbogbo wọn ló wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ sì wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n mú lójú ogun. Wọ́n dúró sílé olóògùn, wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn di ọmọ ilé. Oríkì orílẹ̀ ló lè tú u, torí ọmọ ilé kan náà, oríkì ibòmíràn. Nígbà tí oyè mọ́gàjí bá ṣí, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ̀rọ̀ sókè, ẹjọ́ á sì dé kóòtù. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan bá ní "ọmọ ilé ni gbogbo wa", kì í ṣe àìmọ̀ ló ń ṣe é. Ó ń dáàbò bo ẹnì kan tó wà láàyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé fóònù síwájú irú bàbá bẹ́ẹ̀, tó ń fi agbára béèrè kí ó lè rí máàkì, ó lè dá ìjà sílẹ̀ tí kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Àwọn ìwé ìrìbọmi wọn kún fún ọmọ tí àlùfáà kọ "ọmọ àlè" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìkànìyàn ló yẹ ká yá lọ́wọ́ wọn, ju orúkọ ìdílé àti fọ́ọ̀mù lọ: wọ́n tì í pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti 1921, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, wọn kò fi ohun kan pamọ́ fún akọ̀wé, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi í bú aládùúgbò rẹ̀ lójú ayé. Àwa ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Torí pé ọ̀rọ̀ lè dá ìjà, a kò kọ ọ́ rárá, ó sì ń bá ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ sàréè.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún kò gba owó ńlá. Kí pírójẹ́ẹ̀tì ìparí lórí oríkì agbo ilé kan di ohun tí wọ́n ń gbà láìjà, kì í ṣe orí ìwé tí àwọn mìíràn ti ṣe títí ó fi di pípọ́n. Kí olúkúlùkù tó ṣe é kọ ẹni tó kì í, ọjọ́, ilé tí obìnrin náà ti wá kó tó wọlé ọkọ, àti ẹni tó jókòó níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn pípé, torí pé láìsí àmì ohùn a kò sàn ju akọ̀wé Freetown lọ. Nínú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Anna Hinderer ṣe, Akínyẹlé di Akielle. Ó ṣeé dárí jì í, Gẹ̀ẹ́sì ni. Tiwa kò ní ṣeé dárí jì. Kí ìyá tó sọ̀rọ̀ pín in sí méjì fúnra rẹ̀: èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́, àti èyí tí a ó tì pa. Kó sọ iye ọdún.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ yín ní káséètì oríkì àti rárà tí ẹ gbà sílẹ̀ fún pírójẹ́ẹ̀tì yín, tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káséètì ń bàjẹ́. Ẹ mú un wá kí a bá yín sọ ọ́ di fáìlì, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kì í àti ọdún sí i lára nígbà tí ẹ bá ṣì rántí. Èmi náà ti gba wákàtí méjì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà ilé wa. Ó ní kí n jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ wákàtí kìíní. Ìkejì, ó ní di ọdún 2080.